Ó Dá Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Lójú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ojú yín là láti ka ìwé yìí lónìí, tí ó sì fún ọwọ́ tèmi ní agbára láti di kálàmù mú, òun ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá gbé fáìlì pẹlẹbẹ kan ka orí tábìlì Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, tí ó ní kí ó buwọ́ lù ú kí àwọn lè rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ó ní orúkọ gidi nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ẹni yòówù tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ì báà jẹ́ olè, ì báà jẹ́ ẹni tí olè jà, "pẹ̀lẹ́ o" ni yóò kọ́kọ́ kí i, yóò sì jókòó tì í bí ẹni tí ó wá kí aláìsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ikú bá wá mú un, pẹ̀lẹ́ náà ni yóò kí ikú.

Ẹjọ́ inú fáìlì náà kò gùn. Ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú pálọ̀ rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó kú kí dókítà tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, káfíńtà kan ti yọ igi ìdìmú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn nítorí pé ó ti jẹrà, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti gbẹ́ tuntun. Káfíńtà ní òun ta okùn dí ẹnu àtẹ̀gùn kí òun tó lọ. Kò sí ẹni tí ó bá okùn kankan níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú un, wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ni ó pa ìyá àgbà náà. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí, ọkọ̀ yóò wá gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí yóò ti máa retí ìgbà tí adájọ́ bá ráyè gbọ́ tirẹ̀, ìyẹn sì lè tó ọdún kan tàbí méjì.

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló kọ̀wé," ọ̀gá àgọ́ wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ ìyá náà ni gbogbo wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ fúnra wọn. Kí lo tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní òun kàn fẹ́ kà á ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé náà, ìkejì jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ń tún aago ṣe, ìkẹta jẹ́ ti alágbàfọ̀. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí: "The carpenter certainly did not tie any rope. He definitely left the stairs open. He will probably deny it." Dájúdájú káfíńtà kò ta okùn, kò sí àní-àní pé ó fi ẹnu àtẹ̀gùn sílẹ̀ gbayawu, ó sì ṣeé ṣe kí ó sẹ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí nǹkan ṣojú wọn, kò sì tíì rí ẹni mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnì kan á ní aṣọ pupa ni, ẹnì kejì á ní ó jọ pupa, ẹnì kẹta á ní òun ò tiẹ̀ wo aṣọ. Níhìn-ín, ó dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú, ó sì dá wọn lójú bákan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ti kọ irú ọ̀rọ̀ ìdánilójú bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì ọkùnrin kan rí. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà lò lẹ́wọ̀n kí ẹni tí ó jẹ̀bi gan-an tó jẹ́wọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sì dárí jì í, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti kú lẹ́yìn rẹ̀ nílé, ìdáríjì kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Láti ìgbà náà ni ó ti máa ń gbàdúrà kí ó tó fi kálàmù kan ìwé.

Lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà àgọ́, ìyá káfíńtà jókòó. Láti Ọjọ́rú ni ó ti ń wá. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á ní kí ó máa lọ, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún dé. Kò pariwo, kò sì di ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mú. Nígbà tí ó rí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú fáìlì náà lọ́wọ́, ó dìde.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni wọ́n gbé e fún báyìí?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Mi ò ní kó o tú u sílẹ̀. Kó o ṣáà wò ó dáadáa ni mo fẹ́."

Ó ní òun yóò wò ó.

*

Ẹni ńlá ni káfíńtà náà, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí ó ti lò ní àtìmọ́lé ti sọ ohùn rẹ̀ di kékeré. Kò jiyàn pé òun àti Tíṣà fa ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun fẹ́ tún gbogbo àtẹ̀gùn náà ṣe, Tíṣà ní igi ìdìmú nìkan ni kí òun ṣe, ó sì ń bá òun wí lójú èèyàn bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìíní wí. Inú bí òun, òun ní àtẹ̀gùn yìí á pa èèyàn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má sọ pé òun ò wí o. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ nígbà náà ni ó ń tún un sọ báyìí bí ẹni pé òun búra láti pa á ni.

"Okùn wo lẹ ta?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Okùn tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ni, sà. Òun ló wà lápò mi. Mo so ó mọ́ òpó méjèèjì, mo fà á le."

"Ṣé Tíṣà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Káfíńtà wolẹ̀. Ó ní òun fa Tíṣà lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ojú ìyá náà kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́; ó lè ka ìwé bí ó bá gbé e súnmọ́ imú, ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ parí sí kì í hàn sí i. Òun gbé ọwọ́ rẹ̀ lé okùn náà, òun ní kí ó máa na ọwọ́ síwájú bí ó bá jáde. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan okùn, kí ó dúró, nítorí àtẹ̀gùn ló kù níwájú. Òun á ti dé kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín," káfíńtà wí. "Wọ́n ní, 'Certainly, my dear.'" Ó wo ọwọ́ tí ó fi fa Tíṣà dé ibẹ̀. "Òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ."

*

Ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, ni àtẹ̀gùn onípákó náà wà, ìpele mẹ́rìndínlógún. Lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn Tíṣà, ó sì parí síbi tí àtẹ̀gùn ti sọ̀ kalẹ̀, láàárín òpó igi méjì. Kọ́ńsítébù tí ó tẹ̀ lé Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi ibi tí wọ́n ti bá òkú hàn án nísàlẹ̀. Agogo kékeré kan ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, agogo tí ó máa ń jáde wá lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé kíláàsì kù díẹ̀.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀ ti òpó. Ní ìwọ̀n ìbàdí èèyàn, àmì búlúù kan yí òpó náà po, ó tín-ín-rín bí òrùka. Irú rẹ̀ wà lára òpó kejì.

"Búlúù aṣọ ni, sà," kọ́ńsítébù wí. "Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ ìyá náà. Aṣọ tútù ló máa ti kán sí i."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi ìka ra á. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ bọ́ sí i níka. Ó fẹ́ ẹ, ó fò lọ. Ó ní búlúù tí a fi ń fọ aṣọ, omi ni, ìbá ti wọ inú igi lọ. Eléyìí jókòó lórí igi ni. Ẹfun aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń pa okùn kí wọ́n tó fà á ta sára pákó. A jẹ́ pé òótọ́ ni káfíńtà sọ. Okùn wà níbí láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹnì kan sì tú u lẹ́yìn tí ó lọ tán.

Kíá ni kọ́ńsítébù rí ọ̀daràn mìíràn. Ó ní baba onílé ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ kí Tíṣà kó jáde kí àbúrò rẹ̀ lè wọ ibẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n lọ bá baba onílé ní ilé ẹ̀yìnkùlé. Orí ibùsùn ni wọ́n bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú àdìpọ̀ funfun líle tí dókítà fi dì í láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní lóòótọ́ ni òun ń lé ìyá náà. Ọdún mẹ́fà ni òun ti ń lé e. Bí òun bá sì ti lé e tán, Tíṣà yìí kan náà ni yóò bá òun ka lẹ́tà ọmọ òun tó wà lókè òkun, tí yóò tún bá òun kọ èsì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yíjú sí ògiri. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń sunkún, wọ́n sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

*

Nínú pálọ̀ Tíṣà, bẹ́ǹṣì mẹ́rin dojú kọ pátákó dúdú kan. Apá ọ̀tún pátákó náà, wọ́n ti fi ọwọ́ nù ún, ṣùgbọ́n ní apá òsì, ẹ̀kọ́ tí Tíṣà kọ kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ìlà mẹ́ta tí ó fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n pe ìyá aránṣọ wá. Obìnrin aláwàdà ni, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ó ti wù kí abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ó ti wọlé tí ó rí pátákó, ó yọ abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu, ó sì jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kò bi í ní nǹkan kan nípa okùn. Ó ní kí ó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún òun. Ara obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Tíṣà lò lórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nìkan. Ohun tí ojú rẹ rí tí ọwọ́ rẹ sì kàn, ìlà kìíní ni o máa fi í sí, wàá ní "certainly" tàbí "definitely." Ohun tí o kò rí ṣùgbọ́n tí o ní ìdí láti rò, ìlà kejì ni, wàá ní "probably." Ohun tí o kò mọ̀, má tijú, ìlà kẹta ni, wàá ní "perhaps" tàbí "maybe." Bí èèyàn bá ti fẹ́ la ẹnu, Tíṣà á ní, "Ṣé o rí i?" Bí o bá ní o kò rí i, á fi ìka lé ọ lọ sí ìlà kejì.

"Atún-aago-ṣe ni kì í gbọ́," ó wí, ẹ̀rín sì fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu. "Bí ẹní ń bu iyọ̀ ló ṣe máa ń bu 'certainly' sí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, 'Certainly I am coming maybe tomorrow.' Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn nù."

Ẹ̀rín náà tán. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dúró kí ó nu ojú rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Okùn tí ẹ kọ pé káfíńtà ò ta yìí, ṣé ẹ rí i pé kò ta á?"

Obìnrin náà wo pátákó, ó wo ilẹ̀.

"Agogo ni mo gbọ́ tó dún lẹ́ẹ̀kan, tó wá ń yí bọ̀ láti òkè. Mo sáré jáde. Ojú wọn ni mo ń wò, ọ̀gá. Mi ò gbójú sókè rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kọ ọ́?"

"Bá a ṣe máa ń kọ ọ́ náà nìyẹn."

Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ láìmọ ohun tí ó ń tú síta. Àwọn tí kò tíì lè dá gbólóhùn ṣe, Mọ́nítọ̀ kíláàsì ni ó máa ń kọ tirẹ̀ sójú pátákó, àwọn yòókù á sì wò ó kọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, orí á tẹ̀ lé e. Nígbà tí kọ́ńsítébù wá ní Ọjọ́bọ̀, ó ní Yorùbá náà dára, òun á bá wọn kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ara wọn lójú. Ọdún mélòó ni ìyá yìí fi ń kọ́ wọn? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ́rìí nítorí rẹ̀ ni wọ́n á wá sọ pé àwọn ò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì? Ọ̀wọ̀ Tíṣà ni. Mọ́nítọ̀ bá dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́, àwọn náà sì wò ó kọ. Nígbà tí wọ́n parí, ó fi ọwọ́ nu pátákó.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ yíjú sí kọ́ńsítébù. Kọ́ńsítébù ní òun wà ní ìta nígbà náà, òun ń fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sì fara hàn lójú rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá lanu, yóò wọ inú rẹ̀ lọ.

"Ta ni Mọ́nítọ̀ yín?"

"Alágbàfọ̀ ni. Òun ló gbọ́n jù nínú wa."

Atún-aago-ṣe ni ó tẹ̀ lé e wọlé, ó sì fi ọ̀rọ̀ pátákó náà múlẹ̀ láì tíì jókòó tán. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó wà ní gbogbo Ọjọ́rú, ní òpin ìlú lọ́hùn-ún. Kò tiẹ̀ gbọ́ ikú Tíṣà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni, ọ̀gá?" ó bi í. "Ohun tó wà lójú pátákó ni mo kọ."

Nígbà tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ rọra sọ fún un pé nítorí ìwé náà ni wọn yóò ṣe gbé ẹnì kan lọ sẹ́wọ̀n ní aago mẹ́rin, ó ki àwọn ọwọ́ rẹ̀ tí ń mú skúrù tí kò tó hóró iyanrìn bọ àárín eékún rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tí ó fẹ́ fi wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ lọ bi ìyá aránṣọ bóyá ẹnikẹ́ni gun àtẹ̀gùn náà ní Ọjọ́rú lẹ́yìn tí káfíńtà lọ. Ó ní rárá, kò sí àlejò kankan. Ó tún ronú.

"Àfi Mọ́nítọ̀ tó gbé aṣọ wọn wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹni tí à ń kà, ọmọ ilé ni."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ jókòó sórí ìpele àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ibi, gígé ni ìbá gé okùn, tàbí kí ó tú u jù sílẹ̀ kí ó sá lọ. Ṣùgbọ́n okùn náà kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀, kò sí nínú kòtò. Ó bá ẹnì kan lọ ni, bí ohun tí ó wúlò fún un. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì ni ó gun òkè. Inú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ a máa dùn bí ọ̀rọ̀ bá já geere báyìí. Inú tirẹ̀ kò dùn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ti kọjá.

*

Ní òpópónà kejì, alágbàfọ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ọkùnrin tínínrín ni, bí ẹni ogójì ọdún. Ó lẹ ewé ìwé kan mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀, tí Tíṣà ti fi íńkì pupa kọ "Very good" sí. Nígbà tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wọlé tí ó kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí ó bá wá.

Ní igun ṣọ́ọ̀bù, lọ́tọ̀ sí àwọn aṣọ yòókù, ẹrù aṣọ ibùsùn funfun kan wà nílẹ̀.

"Ti ta nìyẹn?"

"Ti Tíṣà ni, sà."

"Ẹ ò tíì fọ̀ ọ́."

"Mi ò lè fọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà búlúù kan dá ẹrù náà láàárín, ó tún dá a níbùú, ó tọ́ bí ohun tí a fi rúlà fà. Ó bi alágbàfọ̀ bóyá búlúù tirẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ní rárá, búlúù tòun kì í fa ìlà. Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì títí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni ó na ọwọ́ tí ó bá a gbé e kúrò.

Alágbàfọ̀ fa àpótí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó mú áńkáṣífù mímọ́ kan tí ó ti lọ̀ dáadáa jáde nínú rẹ̀, ó ṣí i. Okùn náà wà níbẹ̀, ó ká a bí ẹni ká ohun iyebíye.

Ọjọ́rú yẹn, ó ní, ni òun kọ́kọ́ fẹ́ dìde ní kíláàsì láti sọ gbólóhùn mẹ́wàá láì wo pátákó. Tíṣà ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún òun láti oṣù tó kọjá. Láti ilé ni òun ti ń kà á sórí bọ̀, ẹrù aṣọ wà lórí, ẹnu ń lọ. Òun dé òkè, okùn kan dí òun lọ́nà. Òun fi ọwọ́ kan tú u, òun gbé e kọ́ èjìká, òun kọjá. Tíṣà ti sùn lọ lórí àga, òun kò sì jí i. Òun gbé èyí tí ó mọ́ kalẹ̀, òun kó èyí tí ó dọ̀tí jọ, ẹrù náà ń tú. Nǹkan kan wà léjìká òun tí ó ṣeé fi di ẹrù. Òun fi dì í. Ẹnu òun kò dákẹ́ ní gbogbo ìgbà náà.

"Kí lẹ ń sọ?" Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í.

Alágbàfọ̀ sọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń ka àkọ́sórí. "I will certainly stand up. I will probably make one mistake. Perhaps they will clap."

Ó ká áńkáṣífù náà padà bo okùn.

"Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí tí mo débẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé kò sí okùn, lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo padà wálé, mo wo ohun tó wà lára ẹrù mi."

"Ẹ sì kọ pé káfíńtà ò ta okùn."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n kọ ìlà kan péré, bóyá mi ò ní parí ẹ̀. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, wọ́n ti ń wò mí kọ. Bí mo ṣe ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ń tẹ̀ lé mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí kí n tó lè kọ orúkọ mi. Tíṣà ló di ọwọ́ mi mú kọ ọ́. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi kọ èyí."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kò bá a wí. Kò sì sọ fún un pé kò burú, nítorí pé ó burú. Ó ní òfin ni yóò sọ bí ọ̀ràn náà ṣe tóbi tó, òun kò ní fi kún un, òun kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ẹnì kan wà ní àtìmọ́lé, aago mẹ́rin sì ń bọ̀. Alágbàfọ̀ tú èédú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dànù, ó bu omi pa á, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀bẹ̀ fún lójú ọ̀nà, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun kọ tòun ní Gẹ̀ẹ́sì, ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wò ó kọ.

*

Ó kọ ọ́ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò wò ó. Nígbà tí ó gba ìwé náà, ó rí i pé ọkùnrin náà kò kánjú fi ọ̀rọ̀ kan síbi tí kò yẹ. Ó fi "certainly" sí i pé káfíńtà ta okùn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi tú u. Ó fi "definitely" sí i pé òun kò so ó padà. Ó fi "probably" sí i pé Tíṣà na ọwọ́ síwájú, ó ń wá okùn náà, nítorí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti sọ ohun tí káfíńtà kọ́ ọ fún un lójú ọ̀nà. Ní ìparí, ó ti kọ nǹkan kan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: "Perhaps she came out early to ring the bell for me."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbàdúrà díẹ̀ sínú, ó sì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún káfíńtà. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa á láti orí dé èjìká, láti èjìká dé ìka, bí ẹni tí ó ń ka eegun rẹ̀ bóyá ó pé. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ẹni tí ó tú okùn. Ó sọ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ṣé ó lẹ́nì kankan?" ìyá náà bi í.

"Tíṣà ló ní, Màmá."

Káfíńtà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí àwọn máa lọ, ara òun fẹ́ omi, ojú òun fẹ́ oorun. Ìyá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ mà ni."

"Mo mọ̀," ìyá náà wí. "Dúró dè mí níbẹ̀ yẹn."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì wọ inú yàrá tí alágbàfọ̀ wà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ di ilẹ̀kùn mú fún un títí ó fi wọlé tán. Ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti dúró níta, wọ́n sì ti sọ fún awakọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò gbé. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bọ́ sílẹ̀, ó ní ta ni wọ́n ń dúró dè, ṣebí àkókò ti tó.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀," Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. "Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

*

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibi yìí, kí Olúwa bùkún yín. Kí ó fún wa ní ẹnu tí kò ní tijú láti sọ pé "n kò mọ̀." Kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe ohun tí ojú wa kò ní lè wò, bí ó bá sì ti ṣe é, kí ó fún wa ní ọkàn tí yóò jẹ́wọ́ kí aago tó lù. Ọjọ́ tí gbogbo ayé bá ní ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bi wà, kí ẹnì kan má ṣaláì wọlé wá jókòó tì yín. Àmín.